Ohùn Gìtá ní Táíwò Road: Ìmọ̀ ni Ó Sọnù

Ìlú tí a ń kì ní "ẹnu dùn ju iyọ̀" ni Ìlọrin. Kò sí ẹni tí ó mọ ìlú náà dáadáa tí yóò jiyàn pé ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀, ìbáà ṣe nínú wáàsí, ìbáà ṣe nínú orin dadakúàdà tí Odòlayé Àrẹ̀mú fi di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nítorí náà ni ó ṣe dùn wá dé ọkàn nígbà tí a gbọ́ ohùn kan ní ìlú yìí kan náà tí kò ní iyọ̀ rárá, tí kì í sì í ṣe ẹni tí ó ń fọhùn ni ó jẹ̀bi.

Ní Táíwò Road ni a ti gbọ́ ọ, ojú ọ̀nà tí ó ń jẹ́ orúkọ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ibrahim Taiwo, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà ológun ní Kwara láti ọdún 1975 títí wọ́n fi pa á nínú ìdìtẹ̀ gbàjọba ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1976. A ya yàrá kékeré kan lókè ilé ìtajà, níbi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń gba orin sílẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Gìtá rẹ̀ dára, ìka rẹ̀ yá, ó sì mọ orin. Wáyà kan ṣoṣo ni ó fi so gìtá náà mọ́ ihò máíkì kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ó ti gbà sílẹ̀, ohùn tí ó jáde dà bí ti ẹ̀fọn tí a dé mọ́ inú agolo. Ó ń kùn lókè, ó kú lábẹ́, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí okùn kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. A bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ ṣe sí i. Ó dá wa lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀yin bàbá mi, owó ni mò ń tọ́jú. N óò ta gìtá yìí, n óò sì ra èyí tí ó wọ́n jù ú lọ."

Èsì yìí ni ó mú wa kọ ohun tí a ń kọ lónìí. Gìtá kò ṣẹ̀. Bí ọmọ náà bá ra gìtá tí owó rẹ̀ tó owó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí ó sì tún fi wáyà yẹn so ó mọ́ ihò yẹn, ẹ̀fọn inú agolo náà ni yóò tún gbọ́. Ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìmọ̀ ohun tí ó wà láàárín gìtá àti kọ̀ǹpútà. Ìmọ̀ náà kò pọ̀ ju ohun tí olùkọ́ kan lè kọ́ni láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ìtìjú ni fún gbogbo wa, àwa oníwèé ìròyìn, ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ìwé, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí a bá ń wo àwọn ọmọ wa níran tí wọ́n ń náwó sórí àìmọ̀.

OHUN TÍ GÌTÁ JẸ́ FÚN WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ fàájì lásán ni èyí. Ní ọdún 1949 ni olóògbé Àyìndé Bákàrè ti so máíkì mọ́ ara gìtá, tí ó sì fi iná mànàmáná gbé ohùn rẹ̀ sókè nínú orin jùjú. Láti ìgbà náà ni gìtá ti ń bá gángan du ọ̀rọ̀ sọ ní òde àríyá. Ní ọdún 1963 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá I. K. Dáíró lọ́lá nítorí orin jùjú. Ebenezer Obey gbé e ga síi. King Sunny Adé fi gìtá onírin tí a ń pè ní pedal steel kún un, ilé iṣẹ́ Island sì gbé àwo rẹ̀, Juju Music, jáde fún gbogbo ayé ní ọdún 1982. Demola Adepoju, tí ó ń ta gìtá onírin náà, ni Paul Simon ti Amẹ́ríkà pè kí ó wá ta á sínú àwo Graceland tí ó jáde ní ọdún 1986. Ọmọ Yorùbá ni ó ta gìtá tí àwọn ará Amẹ́ríkà fetí sí.

Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé gìtá ní ilẹ̀ Yorùbá kì í dún lásán. Ó ń sọ̀rọ̀. Bí ohùn rẹ̀ ti ń lọ sókè, tí ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, tí ó ń dúró láàárín, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ní etí ń gbọ́ oríkì àti òwe nínú rẹ̀. Nínú orin jùjú, gìtá méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó máa ń dún pọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀nà tirẹ̀. Bí ohùn wọn kò bá mọ́, tí wọ́n ń kùn papọ̀, ọ̀rọ̀ inú wọn a parẹ́, a sì di ariwo ọjà. Ẹni tí ó ba ohùn gìtá Yorùbá jẹ́, ọ̀rọ̀ ni ó bà jẹ́.

Ní ayé àwọn àgbà wọ̀nyí, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń ta gìtá, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń gbà á sílẹ̀. Ní àwọn ilé iṣẹ́ bíi Decca, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni ó ń gbé máíkì síwájú ampilifáyà, tí ó ń wọn ohùn, tí ó sì ń mọ ibi tí àléébù wà. Ẹni tí ń ta gìtá kò ní ju kí ó jókòó kí ó ta á. Lónìí, kọ̀ǹpútà ti gbé àga ẹni náà wá sínú yàrá ọmọ ogún ọdún ní Táíwò Road, ṣùgbọ́n ẹni náà fúnra rẹ̀ kò bá àga rẹ̀ wá. Àga ṣófo ni a fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a sọ díẹ̀ nínú ohun tí ẹni tí ó bá jókòó sí orí àga náà gbọ́dọ̀ mọ̀.

IHÒ TÍ ÒÙNGBẸ Ń GBẸ

Ohun kìn-ín-ní ni ihò tí a so gìtá mọ́. Lábẹ́ okùn gìtá ni òòfà kan wà tí a wé wáyà tín-ín-rín mọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí okùn bá ti ń gbọ̀n, iná díẹ̀ a máa jáde nínú wáyà náà. Iná yìí kò lágbára. Ó dà bí omi tí ń sẹ́ láti inú àpáta: bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ bá gbé ẹnu lé e, kò ní ku ohun kan fún ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀. Ihò máíkì kọ̀ǹpútà ni ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ìdènà tí ó ní sí iná kò ju ẹgbẹ̀rún ohm mélòó kan lọ, nígbà tí ihò tí a ṣe fún gìtá máa ń ní ìdènà tí ó tó mílíọ̀nù 1 ohm. Ihò tí ìdènà rẹ̀ kéré a fa iná gìtá mu. Ohùn òkè, èyí tí ó ń jẹ́ kí a gbọ́ bí ìka ti ṣe kan okùn, ni ó sì kọ́kọ́ ń kú. Èyí tí ó kù a dà bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ọmọ náà a wá fi tipátipá gbé e sókè nínú kọ̀ǹpútà, ariwo inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ a sì bá a gòkè. Ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ti wọ inú agolo.

Àtúnṣe rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré tí àwọn olórin ń pè ní sound card, tí a ń fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. Kí ẹni tí ó bá ní i sì ṣọ́ra. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó ti rà á tí wọ́n sì tún fi gìtá sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ihò tí wọ́n bá kọ INST tàbí Hi-Z sí lára, tàbí tí wọ́n ya gìtá sí, ni kí a lò. Bí ó bá ní bọ́tìnì tí ó jẹ́ ti gìtá, kí a tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá kan ni títẹ bọ́tìnì yẹn ń gbà, òun sì ni ó máa ń ya ohùn kíkú sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn ààyè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún rédíò ṣe, ẹ kò kéré nínú ọ̀rọ̀ yìí. Trànsísítọ̀ kan, rẹ̀sísítọ̀ àti kàpásítọ̀ mélòó kan pẹ̀lú bátìrì fóltì 9 ti tó láti ṣe àpótí kékeré tí yóò dúró láàárín gìtá àti ihò tí òùngbẹ ń gbẹ, tí yóò gba iná gìtá láìfà á mu, tí yóò sì fi èyí tí ó lágbára lé ihò náà lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ tí a lè ṣe ní ìlú yìí ni. Kò dìgbà tí ọkọ̀ òkun bá dé.

ÒṢÙWỌ̀N TÍ Ó KÚN JÙ

Ohun kejì ni bí ohùn ti ṣe pọ̀ tó nígbà tí ó ń wọlé. Àwọn ọ̀dọ́ rò pé bí àmì tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà bá ti pupa, ìgbà náà ni ohùn lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òdo ni orí òṣùwọ̀n inú kọ̀ǹpútà. Kò sí ohun kan lókè rẹ̀. Ohùn tí ó bá kọjá ibẹ̀, ńṣe ni a ń gé orí rẹ̀ kúrò, orí tí a bá sì ti gé kò ṣeé dá padà mọ́. Ẹni tí ń fi kóńgò wọn gàrí lè kó o jọ gègèrè kí oníbàárà lè yọ̀, ṣùgbọ́n kóńgò kọ̀ǹpútà kò gba gègèrè. Kí a jẹ́ kí ibi tí ohùn bá ti ga jù lọ dúró ní nǹkan bíi desibẹ́ẹ̀lì 12 sí ìsàlẹ̀ òdo, kí a sì fi bit 24 gbà á sílẹ̀. Bí ó bá kéré létí, a óò gbé e sókè lẹ́yìn náà, kò sì ní bàjẹ́.

SÍPÍKÀ TÍ A GBÀGBÉ

Ohun kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù, òun náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò mọ̀. Gìtá oníná nìkan kọ́ ni ó ń mú ohùn gìtá oníná wá. Ìdajì ohùn náà wà nínú ampilifáyà àti sípíkà rẹ̀. Sípíkà gìtá kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ohùn tí ó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 5,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ni etí ọ̀dọ́ lè gbọ́ èyí tí ó tó 20,000. Sípíkà náà dà bí asẹ́: ó ń sẹ́ ìdọ̀tí ohùn kúrò, ó sì ń jẹ́ kí èyí tí ó dùn kọjá. Nígbà tí a bá so gìtá tààrà mọ́ kọ̀ǹpútà tí a sì fi ohùn fífọ́ kún un, kò sí asẹ́ mọ́; gbogbo ìdọ̀tí náà ni yóò wọlé. Ẹni tí ó bá mu ògì tí a kò sẹ́ mọ bí ó ti ń há ni lọ́fun.

Kí àwọn àgbà má ṣe wá sọ pé síso gìtá tààrà mọ́ ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ni ó burú. Ní Detroit ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1960, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Motown ṣe gba gìtá àti bééèsì sílẹ̀, gbogbo ayé sì jó sí i. Fún gìtá jùjú àti ti highlife tí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara, ọ̀nà tààrà dára púpọ̀, bí ihò bá ti tọ́ tí òṣùwọ̀n sì tọ́. Gìtá tí ó fẹ́ ohùn líle ni kò lè ṣe aláìní sípíkà. Fún un, a ti rí ọgbọ́n dá pẹ́. Ní ọdún 1989 ni ẹ̀rọ SansAmp jáde, tí ó ń ṣe bí ẹni pé ampilifáyà àti sípíkà wà níbẹ̀. Ní ọdún 1998 ni ilé iṣẹ́ Line 6 gbé POD jáde. Lónìí, fáìlì kékeré kan, tí àwọn olórin ń pè ní impulse response, lè gbé ìwà sípíkà gidi kan wọ inú kọ̀ǹpútà. Neural Amp Modeler tí Steven Atkinson ṣe, tí ó ń fara wé ampilifáyà, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ènìyàn. Kò sí ìdí tí ọmọ wa yóò fi máa jí ètò olówó lò nígbà tí èyí tí ó dára wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ampilifáyà ni kí ó kọ́kọ́ fi sí i, kí fáìlì sípíkà sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá fi ampilifáyà sí i tí kò fi sípíkà tẹ̀ lé e, ó se ọbẹ̀ láìfi iyọ̀ sí i.

A ti sọ pé gìtá ọmọ náà kò ṣẹ̀. Bí a ti ṣe mọ̀ ni pé a ò kúrò nínú yàrá rẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan yá wa ní sound card. Ọmọ náà gbé wáyà kúrò níbi tí ó wà, ó fi sí ihò gìtá, ó tẹ bọ́tìnì, ó dín agbára kù, ó sì fi ampilifáyà àti sípíkà orí kọ̀ǹpútà tí kò náwó sí i. Gìtá náà ni, okùn náà ni, ìka náà ni. Nígbà tí ó ta á, gbogbo wa dákẹ́. A gbọ́ ìka lórí okùn. A gbọ́ ohun tí gìtá ń sọ. Ọmọ náà wò wá, ó wo gìtá rẹ̀ tí ó ti fẹ́ tà, kò sì sọ ohun kan.

INÁ ÀTI ÀKÓKÒ

Ó ku ohun méjì tí ó ń dà wọ́n láàmú. Iná mànàmáná wa ń yí lọ yí bọ̀ ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gìtá a sì máa gbọ́ ọ bí eriali ti ń gbọ́ rédíò. Ìdí nìyí tí "hùn" fi máa ń wà lábẹ́ orin. Seth Lover, ní ilé iṣẹ́ Gibson ní Amẹ́ríkà, ti wá ọgbọ́n sí i ní ọdún 1955: ó fi ìwé wáyà méjì tí wọ́n kọjú òdì sí ara wọn pa "hùn" náà. Ẹni tí gìtá rẹ̀ kò ní èyí, kí ó jìnnà sí ṣájà àti fáànù, kí ó yí ara padà títí yóò fi rí ibi tí ariwo náà ti kéré jù, kí ó sì yọ kọ̀ǹpútà kúrò lórí iná nígbà tí ó bá fẹ́ gbà á sílẹ̀, kí ó lo bátìrì inú rẹ̀. Iná tí ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò dán, bí ó ti ń sọ lójú fèrèsé ni ó ń sọ nínú wáyà pẹ̀lú.

Èkejì ni ìfàsẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà kì í gbé ohùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìdì ìdì ni ó ń dì í. Bí ìdì bá jẹ́ 1,024, tí kọ̀ǹpútà sì ń ka ohùn ní ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdá 21 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá ni yóò fi pẹ́. Ohùn a máa rin nǹkan bíi mítà 7 láàárín àkókò bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọmọ náà ń ta gìtá níhìn-ín tí sípíkà rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, kí a tilẹ̀ tó ka ti ìgbà tí ohùn bá ń jáde. Báwo ni ìka rẹ̀ yóò ṣe bá ìlù mu? Kí ó dín ìdì náà kù sí 128, kí ó sì lo ètò ASIO tí àwọn tí ó ṣe sound card rẹ̀ fi sílẹ̀ fún Windows. Ìfàsẹ́yìn ìwọlé kò ní tó ìdá 3 mọ́.

A kò ní gbàgbé okùn tuntun, ìtọ́sọ́nà ohùn okùn, àti ìka tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò lè fi wọ́n fún ẹni tí kò ní wọn. Kí ọmọ náà sì máa tọ́jú ohùn gìtá ní òkùúrùú, láìfi ohunkóhun kún un, nítorí ó lè gbọ́n síi lọ́la, kí ó sì fẹ́ tún un sè.

OHUN TÍ A Ń BÈÈRÈ

Àwọn kan yóò wí pé, "Ebi ń pa ará ìlú, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ gìtá." A kò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n nítorí ebi gan-an ni a fi ń sọ ọ́. Orin wà lára iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ lè ṣe láìtọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba. Ọ̀dọ́ tí ohùn tí ó gbà sílẹ̀ bá mọ́, àwọn tí ń ṣe ìgbéyàwó, àwọn ilé ìjọsìn, àwọn tí ń ṣe fíìmù àti àwọn tí ń polówó ọjà yóò wá a wá. Ọ̀dọ́ tí ohùn tirẹ̀ bá ń kùn, Ìbàdàn àti Èkó ni owó iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa lọ. Ó sì jẹ́ òtítọ́ pé láti oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ lójà, àwọn ẹ̀rọ tí ń ti òkèèrè wá ti wọ́n ju bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. A kò sọ pé owó kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí a sọ ni pé nígbà tí owó wọ́n, àìmọ̀ a túbọ̀ máa gbówó lórí. Ọmọ tí ó bá ra ohun tí kì í ṣe àìsàn rẹ̀ ni oògùn rẹ̀ wà fún, kò ní owó láti tún ra èkejì.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ni a kọ́kọ́ ń bẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní físíìsì ń sọ̀rọ̀ ìdènà iná, òòfà àti ìgbì ohùn lójoojúmọ́ lójú pátákó, àwọn ọmọ sì ń sùn. Ẹ gbé gìtá kan wọ kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ohùn ti ń kú nígbà tí ìdènà bá kéré, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so àpótí oní-trànsísítọ̀ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá gbọ́ òfin Ohm létí kò ní gbàgbé rẹ̀ nínú ìdánwò. Àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti fóònù wà lára iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fi sínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun ní ọdún 2025. Gbígba ohùn sílẹ̀ kò jìnnà sí i. Yunifásítì Ìlọrin, tí ó ní àwọn tí ń kọ́ni ní físíìsì àti àwọn tí ń kọ́ni ní orin àti eré ìtàgé nínú ọgbà kan náà, lè fi ọjọ́ Sátidé mélòó kan ran àwọn ọ̀dọ́ ìgboro lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ yòówù kí ẹ máa ṣe, ẹ fetí sílẹ̀. Nígbàkigbà tí ìbò bá ń bọ̀, ẹ̀yin ni ẹ ń sáré wá àwọn ọmọ wọ̀nyí kí wọ́n kọ orin ìpolongo fún yín. Bí ìbò bá ti parí, ẹ ò mọ orúkọ wọn mọ́. Ẹ ń pín ọ̀kadà, ẹ ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ, ó dára. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ni ó wà ní Kwara. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ẹ dìbò fún pé kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní yàrá kan ṣoṣo tí sound card rere kan wà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan, iná oòrùn àti ẹni kan tí ó mọ iṣẹ́ náà tí yóò máa kọ́ni. Òfin iná mànàmáná ti ọdún 2023 ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láṣẹ láti pèsè iná kí wọ́n sì pín in. Ẹ bi àwọn aṣòfin yín léèrè ohun tí wọ́n ti fi àṣẹ náà ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà ní Táíwò Road, ọ̀rọ̀ tiyín kò gùn. Nígbà tí ọmọ bá wá ra wáyà, ẹ bi í léèrè ihò tí ó fẹ́ fi í sí. Oníbàárà tí a sọ òtítọ́ fún yóò padà wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ olórin, ẹ má ṣe dúró de ìjọba. Ẹni márùn-ún lè dá àjọ kí wọ́n ra sound card kan, kí wọ́n máa lò ó ní ọjọ́ ọjọ́. Kí ẹ tó ta gìtá yín, ẹ wo ihò tí ẹ fi í sí, ẹ wo òṣùwọ̀n yín, ẹ wá sípíkà tí ẹ gbàgbé.

Ohun tí a bá gbà sílẹ̀ lónìí ni àwọn ọmọ ọmọ wa yóò fi mọ bí a ti ń fọhùn. Àwọn baba wa tí wọn kò ní ìdajì ohun tí a ní lónìí fi ohùn tí ó mọ́ sílẹ̀ fún wa. A ṣì ń gbọ́ ọ, a ṣì ń jó sí i. Kí a má ṣe jẹ́ kí ìran tí ń bọ̀ sọ pé ìlú tí ẹnu rẹ̀ dùn ju iyọ̀ ni ó fi ẹ̀fọn inú agolo sílẹ̀ fún àwọn. Ọmọ Táíwò Road kò ta gìtá rẹ̀ mọ́. A fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà má ta tiwọn.